Ọ̀ta Kì í Ṣe Ọ̀tá

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta dójú àmì. Ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀tá ni ẹni tí ń wá ìparun ẹni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní yunifásítì, àìmọye ìgbà ni mo sì ti fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nínú ìwé wọn, tí mo ní kí wọ́n má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò rí i pé kì í ṣe inú ìwé ìdánwò nìkan ni àṣìṣe náà wà. Ó wà nínú bí a ṣe ń wo eré, bí a ṣe ń gbọ́ orin, bí a ṣe ń dìbò, àti bí àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé ṣe ń bá ara wa gbé.

Abúlé wa ni mo ti rí i kedere. Abúlé náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ọ̀nà tí ó gba Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè, láàrin oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ọmọ abúlé tí ń gbé Ìbàdàn àti Èkó ti wálé, ẹran àgbò sì ń ta sánsán láti ojúlé dé ojúlé. Ní ọjọ́ náà, Carlos Alcaraz ọmọ Spéènì àti Jannik Sinner ọmọ Ítálì yóò pàdé nínú àṣekágbá ìdíje tẹ́níìsì ilẹ̀ Faransé tí a ń pè ní Roland Garros. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn eré yìí, mo sì ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn méjèèjì láti ọdún 2022. Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù abúlé wa, mo ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, ó sì gbà pé kí a wo tẹ́níìsì títí di aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí Pọ́túgàl àti Spéènì yóò bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ń wọlé ní méjì, ní mẹ́ta, láti gba ààyè sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Dókítà, èwo ni tiyín níbẹ̀?” Mo ní àwọn méjèèjì ni tèmi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ ò lè ní méjì, sà. Ẹ mú ọ̀kan.” Kí sẹ́ẹ̀tì kẹta tó parí, ilé ti pín sí méjì. Àwọn tí ó jókòó lápá òsì di ti Alcaraz, àwọn tí ó jókòó lápá ọ̀tún di ti Sinner, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì rí kí wọ́n tó wọlé. Apá kan ń pe Sinner ní olóògùn, apá kejì ń pe Alcaraz ní aláṣehàn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀tì karùn-ún wọ̀ ọ́, èébú kan baba ẹnì kan, ọwọ́ sì dé ọrùn aṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fa aṣọ Iléyá ya mọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó fà á ya, inú kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ka ìwé. Wọ́n ń ja ìjà yìí nítorí ọmọ Spéènì kan àti ọmọ Ítálì kan tí kò mọ̀ pé Akínyẹlé wà láyé.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kò rí eré tí wọ́n ń jà lé lórí. Sinner ni ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin, ó ń fi 5 sí 3 ṣíwájú, ó sì wá ku ààmì kan péré kí ife ẹ̀yẹ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni àǹfààní ààmì kan yìí ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alcaraz dí i. Alcaraz gba sẹ́ẹ̀tì kẹrin, ó gba ìkarùn-ún, eré náà sì parí lẹ́yìn wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 29. Kò sí àṣekágbá tí ó tíì gùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Roland Garros. Nígbà tí wọ́n wá ka gbogbo ààmì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Alcaraz tí ó gba ife ní 192, Sinner tí ó pàdánù ní 193. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mi tún iye náà kà. Ẹni tí ó pàdánù ni ó fi ẹyọ kan ju ẹni tí ó borí lọ. Ẹni tí ó bá lo irú wákàtí márùn-ún bẹ́ẹ̀ láti fi bú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti fi owó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà láàrin àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì yìí dáadáa, nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀ àríyànjiyàn mi. Ọdún 2001 ni wọ́n bí Sinner ní ìhà àríwá Ítálì, níbi tí yìnyín ti ń bo òkè. Ọdún 2003 ni wọ́n bí Alcaraz ní agbègbè Murcia ní Spéènì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n pàdé ní New York nínú eré tí ó gba wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 15, tí ó sì parí nígbà tí aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níbẹ̀ náà, ó ku ààmì kan kí Sinner borí, ṣùgbọ́n Alcaraz bọ́ nínú rẹ̀, ó gba ife ìdíje náà, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé ní ọmọ ọdún 19. Láti ìgbà náà ni ọ̀kan ti ń jẹ́ ìwé tí èkejì ń kà. Ìdíje ńlá mẹ́rin ni ó wà nínú ọdún kan nínú tẹ́níìsì. Mẹ́jọ ni ife tí ó wà fún ọdún 2024 àti 2025 pọ̀. Sinner gba mẹ́rin, Alcaraz gba mẹ́rin. Kò sí ọkùnrin mìíràn tí ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn.

Òṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́ ti Paris, Sinner kò sá. Ó na Alcaraz ní Wimbledon, ó sì di ọmọ Ítálì àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹlẹ́nìkan níbẹ̀. Alcaraz náà padà sí ibi ìgbáradì, ó ṣiṣẹ́ lórí ohun tí Sinner fi borí rẹ̀, ó sì gbẹ̀san ní New York ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí Sinner pàdánù níbẹ̀, kò dá oòrùn lẹ́bi, kò dá adájọ́ lẹ́bi. Ó jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn pé eré òun ti rọrùn jù fún ẹlòmíràn láti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé òun gbọ́dọ̀ yí i padà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní Turin, ó borí Alcaraz nínú àṣekágbá ìparí ọdún. Nígbà tí ọdún 2025 fi máa parí, wọ́n ti pàdé nígbà 16 láàrin àwọn àgbà òṣèré. Alcaraz ti borí nígbà 10, Sinner nígbà 6. Ta ni ó kọ́ Sinner pé eré rẹ̀ ti rọrùn láti mọ̀? Àwọn olùkọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbowó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó nà án ni ó kọ́ ọ.

Èdè wa ti mọ èyí kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. A ń bá ènìyàn jẹun, a ń bá a ṣiṣẹ́, a ń bá a yọ̀, a ń bá a kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan náà yìí, bá, ni a fi ń sọ pé a bá a jìjàkadì, a bá a díje, a bá a ta ayò. Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń díje láìsí ẹni tí a bá díje. Ẹni tí ń bá mi díje wà pẹ̀lú mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ni èdè gbé e sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbé ẹni tí ń bá mi jẹun sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni mo ń sọ, kí ó lọ sábẹ́ igi ọdán ní abúlé èyíkéyìí ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, kí ó wo àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ti ń ta ayò. Ilé mẹ́fà ni ó wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ilé ẹni tí a ń bá ta bá gbẹ, òfin ayò ni pé kí a ta ọmọ sí i, bí a bá ní èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa á kí a sì sọ pé a borí. Ẹni tí a fẹ́ ṣẹ́gun náà ni a ní láti bọ́, kí eré lè máa lọ.

Bàbá mi ní ọ̀ta kan tí wọ́n jọ máa ń ta ayò, àgbà kan láti abúlé tí ó wà lódìkejì odò. Bí wọ́n bá jókòó ti ọpọ́n, èébú tí wọn kò bú ara wọn kò sí. Bàbá mi á ní ọ̀pẹ ni bàbá náà. Bàbá náà á ní bí òun ṣe ń jẹ ọmọ ayò ni òun ìbá ṣe máa jẹ kòkó bàbá mi bí kì í bá ṣe pé òun láàánú. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó bá pọ́n, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé oko wa pẹ̀lú àdá rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi bàbá mi léèrè ìdí tí kò fi máa bá àwọn ọ̀dọ́ ta ayò, nítorí pé gbogbo ìgbà ni yóò máa borí wọn. Ó wò mí bí ẹni tí ó sọ ìsọkúsọ. Ó ní, “Bí mo bá na ọmọdé, kí ni mo nà?”

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí, n óò sì gbìyànjú láti dá wọn lóhùn.

Àwọn àkọ́kọ́ yóò sọ pé tẹ́níìsì kì í ṣe eré wa, pé eré òyìnbó àti olówó ni, àti pé kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá máa fi ọmọ Spéènì ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó máa ń ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Baba Sinner tí wọ́n ń pè ní olówó, alásè ni. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún àlejò ní ilé oúnjẹ orí òkè. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé ní Paris, bíríkì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fọ́n sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa lẹ́yìn Mọ́níyà kò ní ṣe àjèjì sí àwọ̀ náà. Tẹ́níìsì kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kejì ọdún 1976, Arthur Ashe, tí ó gba Wimbledon ní ọdún 1975, ń gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọ orí pápá tí wọ́n sì dá eré dúró. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ní ọdún 1983, Nduka Odizor, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀gá ní Èkó, na Guillermo Vilas ní Wimbledon lẹ́yìn tí ó ti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, etí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá mi ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní eré náà kì í ṣe tiwa ti gbàgbé ọjọ́ náà.

Àwọn kejì yóò sọ pé ìfigagbága tí kò ní ìkórìíra nínú kò ní iyọ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì yìí ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn jù, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn níbi àwọ̀n jù. Irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó wà nílé ìwòran wa lọ́jọ́ Iléyá. Àwọn náà ni ẹlẹ́yìn Síkírù Àyìndé Barrister àti ti Kollington Àyìnlá láyé ọjọ́un, tí wọ́n sọ orin fújì di ohun tí ìyá méjì kò lè jọ gbọ́ nínú àgbàlá kan. Èmi kò sọ pé kí Barrister àti Kollington má bá ara wọn díje; ìdíje wọn ni ó jẹ́ kí ọ̀kan máa wá ìlù tuntun kí èkejì tó jí. Ohun tí mo ń bá wí ni àwa tí a gbọ́ orin ọ̀kan tí a sì di etí sí ti èkejì. Orin méjì ni wọ́n ṣe fún wa. Ọ̀kan ni a gbọ́. Ta ni ó pàdánù?

Bí ó bá jẹ́ pé ìkórìíra ni iyọ̀ ìdíje, Bjorn Borg àti John McEnroe ìbá ti fi hàn wá. Wọ́n gbá àṣekágbá Wimbledon ọdún 1980 tí àwọn àgbà kò tíì gbàgbé. Ní ọdún 1981, McEnroe borí Borg ní Wimbledon, ó tún borí rẹ̀ ní New York. Borg fi eré sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 26. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá ni McEnroe kà á sí, ọjọ́ ayọ̀ ni ìbá jẹ́ fún un. Ó gbìyànjú kí Borg padà wá, Borg kò sì padà. McEnroe fúnra rẹ̀ ti sọ pé àìsí Borg dín adùn eré kù fún òun. Ẹ tún wo Roger Federer àti Rafael Nadal. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48 ni wọ́n fi ja àṣekágbá Wimbledon ní ọdún 2008, kò sì sí ẹni tí ó fi ojú àánú wo èkejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí Federer gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ní London, Nadal tí ó nà án jù lọ ní àwọn ọjọ́ ńlá ni ó jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n ń sunkún. Kì í ṣe ojo ni ó ń pa wọ́n lẹ́kún. Apá kan ìgbé ayé Nadal ni ó ń kúrò lórí pápá lọ́jọ́ náà.

Àwa tí a ń gbé lọ́nà Ìjàyè kò tilẹ̀ nílò Wimbledon láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀ta bá di ọ̀tá. Ìbàdàn àti Ìjàyè dìde lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Akọni ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan sì ń jẹ́ kí èkejì dúró ṣinṣin. Ìfigagbága wọn di ogun ní ọdún 1860. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè fọ́ ní 1862. Ǹjẹ́ Ìbàdàn sinmi? Ní ọdún 1877, ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀, àwọn tí Ìbàdàn rò pé òun ti borí sì kó ara wọn jọ dojú kọ ọ́. Ẹni tí ó pa abánidíje rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìdíje. Ó kàn sọ ọ́ di ogun fún ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi òdodo dá àwọn tí ń pe Sinner ní olóògùn lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fo ibi tí ó nira. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì rí èérún clostebol, oògùn tí òfin kọ̀, nínú ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé láti ọwọ́ ẹni tí ń bá a wọ́ ara ni ó ti bá a, àti pé kò mọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn tí àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti oògùn pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Sinner gbà kí wọ́n dá òun dúró fún oṣù mẹ́ta ní ọdún 2025. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn bóyá ìyà náà tó tàbí kò tó, ó ní ẹ̀tọ́, èmi náà yóò sì bá a jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń pariwo olóògùn nílé ìwòran wa kò fẹ́ jiyàn. Òkò ni wọ́n ń wá, òkò tí ó bá sún mọ́ ọwọ́ jù ni wọ́n mú.

Ẹ wá wo bí àṣìṣe yìí ṣe kan tiwa gan-an. Láyé Odizor, a tún ní Tony Mmoh. Àwọn méjèèjì jọ ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje Davis Cup, wọ́n sì jọ wà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul ní ọdún 1988. Odizor dé ipò 52 lágbàáyé, Mmoh dé 105. Ọ̀ta méjì láti orílẹ̀-èdè kan, ní àkókò kan! Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ni a fi ṣe? A pín ara wa sí ti Odizor àti ti Mmoh, a jiyàn títí ẹnu fi bó. Ọ̀kan nínú wa kò bèèrè ibi tí àwọn ọ̀ta méjì mìíràn yóò ti wá. Ta ni òǹkàwé mi lè dárúkọ lẹ́yìn wọn láìronú? Michael, ọmọ Tony Mmoh, tí wọ́n bí ní 1998, na Alexander Zverev ní ìdíje Ọsirélíà ní 2023. Amẹ́ríkà ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún. N kò bú u. Ibi tí pápá wà, tí ẹni tí yóò bá a gbá a wà, ni ó wà.

N kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́bi kí n sì bọ́ síta. Mo ní ọ̀ta kan rí. Oríkì àwọn ìdílé tí ó wà ní àwọn abúlé agbègbè Ìbàdàn ni àwa méjèèjì ń ṣe ìwádìí lé lórí. Òun ń lọ sí Ọ̀nà-Àrà àti Ẹ̀gbẹ́dá, èmi ń lọ sí Akínyẹlé àti Lágelú. Bí mo bá gbé àpilẹ̀kọ kan jáde, kò ní pẹ́ tí tirẹ̀ yóò fi jáde láti tú tèmi palẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó ní mo fi àmì ohùn tí kò tọ́ sí ọ̀rọ̀ kan, mo sì ti gbé ìtumọ̀ odindi oríkì kan lé orí àṣìṣe náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di ọ̀tá. Ọdún mọ́kànlá ni n kò fi kí i. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ ìmọ̀ràn mi lórí ìgbéga rẹ̀, mo dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ pé ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2019, ó kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó tú wọn palẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń yìn wọ́n, èmi sì ń ka wọ́n bí ẹni tí ń jẹ ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Ní ọdún 2022, ìyá àgbà kan ní Láláupọ̀n ki oríkì tí a jà lé lórí náà fún mi. Ó pe ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin yẹn ti wí pé kí a pè é. Mo ní kí ó tún un kì, ó tún un kì, bákan náà ni. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ilé ìyá náà, n kò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà láyé tí ọ̀rọ̀ náà ìbá jẹ́ ìròyìn fún, mo sì ti fi ọdún mọ́kànlá yẹra fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú nígbà tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì ìjà abúlé wa, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ẹni tí ó fa aṣọ rẹ̀ ya, mo gbé ọpọ́n ayò bàbá mi síwájú wọn. Wọn kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Mo kọ́ wọn ní òfin tí ó ní kí a bọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ gbẹ, èyí tí ó ń bínú jù sì ní, “Kí ló dé tí n óò fi ràn án lọ́wọ́, Bàbá?” Mo ní nítorí pé bí kò bá sí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ náà kò ní ayò láti ta mọ́. Wọn kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ta á títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ní agbára láti ṣe é kò pọ̀. Pápá tẹ́níìsì ẹlẹ́nìkan kò ju ẹsẹ̀ bàtà 78 ní gígùn àti 27 ní ìbú lọ, bí a bá ti fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan láàrin Mọ́níyà àti Àkànràn tí kò lè rí ilẹ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ, kí ó kì í, kí ó ta àwọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọmọ tí ẹ óò ràn lọ́wọ́, yálà nínú tẹ́níìsì ni o, tàbí nínú orin, tàbí nínú ìwé, ẹ má ṣe wá ẹyọ kan tí ẹ óò gbé gẹṣin, tí ẹ óò máa pè ní àrà ọ̀tọ̀. Ẹ wá méjì tí agbára wọn sún mọ́ra, kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní rákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní olùkọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa na ara wọn. Bí àwọn ará ilé ìwòran bá wá bi yín pé èwo ni tiyín nínú àwọn méjèèjì, ẹ ti mọ èsì tí ẹ óò fún wọn. Wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti fi èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì jókòó wo eré yín tán.